Koríko Tí A Kó Lọ Sí Pápá Tuntun

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ ìtàn pápá náà fún mi. Iwájú ilé rẹ̀ ló ti sọ ọ́, pápá ọ̀hún sì nìyẹn níwájú wa, títì kékeré kan péré ló wà láàrin. Ó ní kí wọ́n tó bí òun, oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibẹ̀. Ojú títì ni àwọn ọmọ ìlú ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, ọkọ̀ kan tó ń ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹn ló mú kí àwọn ìdílé tó wà láyìíká bù díẹ̀díẹ̀ nínú oko wọn sílẹ̀. Wọ́n hú kùkùté, wọ́n tẹ́ ilẹ̀, koríko sì hù fúnra rẹ̀, koríko kúkúrú tó ń rá mọ́lẹ̀, tó máa ń tutù lẹ́sẹ̀ bí ẹni tẹ ẹní.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Kò sẹ́ni tó gbin koríko yẹn o. Ọlọ́run ló fi ta ùlú yìí lọ́rẹ."

Aṣọ́lé ni òun fúnra rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Kò lọ gbá bọ́ọ̀lù ju Ìdó àti Ìfàkì lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i ní bí ó bá ti nà gbalaja, bọ́ọ̀lù kò ní ibi tó máa gbà. Lẹ́yìn náà ó di àgbẹ̀ oníṣu, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn àti òkè òkun, ìyàwó kú. Orúnkún tó fi ń ṣubú lé orí bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ dá a dúró. Kò lè lọ sóko mọ́, ó ń fi ọ̀pá rìn dé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń padà. Ohun tó kù fún un kò ju ìrọ̀lẹ́ Sátidé lọ. Yóò jókòó sórí àga níwájú ilé rẹ̀, yóò kọjú sí òpó gólì tí òun alára ti ṣọ́ rí, yóò sì máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa títí ohùn rẹ̀ yóò fi há.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi fún yín, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí yóò padà sí.

Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù dé ìdajì eré, ilé kan lára àwọn ilé tó yí pápá ká ni yóò gbé omi jáde. Àwọn ilé ń gbà á ṣe fún ara wọn, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé. Omi inú àmù ni, omi tó ti sùn mọ́jú tó sì tutù nini. Àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu. Ì báà jẹ́ pé wọ́n ti ń nà wá bí ejò, àwọn ni yóò kọ́kọ́ mu. Ṣùgbọ́n a kò sọ pé a kò ní bú wọn bí wọ́n bá ti ń mu.

Àwọn ìyá wa á ní, "Ẹ mu ún dáadáa o, ọmọ Ìdó, kí ẹ lè rí ẹkún sun tí ẹ bá ń lọ ulé!"

Àwọn yẹn á sì dáhùn pé, "Màmá, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, ojú tiwọn gan-an ló máa nílò rẹ̀."

Nígbà tí ìyàwó àbúrò ìyá mi kú, a rò pé àwọn ará àdúgbò yóò yọ ilé rẹ̀ kúrò nídìí omi. Ó kọ̀. Bí ó bá kàn án, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bu omi, èmi tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí á gbé e sọdá.

Báyìí la wà tí ọmọ ìlú wa kan tó ti rọ́wọ́ mú nínú òṣèlú fi sọ pé òun yóò kọ́ pápá ìṣeré tuntun fún wa. Ilẹ̀ tó rí kò sí nínú ìlú. Ẹ̀yìn ìlú ni, níbi tí ilé ti tán, tí igi kòkó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣètò líìgì kò ní gba ẹgbẹ́ tí kò ní ògiri yí pápá ká, tí kò ní ibi ìjókòó, tí kò ní yàrá tí rẹfirí yóò ti wọṣọ. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Bí a bá dúró síbi tí a wà, Ayégbajú àti Ìfàkì la ó máa bá gbá bọ́ọ̀lù títí ayé. Àwọn ọmọ náà fẹ́ lọ. Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n má lọ?

A pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìjọ. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pápá tuntun náà dìde, ó ní iṣẹ́ ti ń parí, ògiri ti dúró, ibi ìjókòó ti gba símẹ́ǹtì, àfi ilẹ̀ pápá gan-an ló ṣì jẹ́ yangí pupa. Ó ní owó koríko kò sí nínú ètò, ṣùgbọ́n tó bá yá, wọn yóò wá nǹkan ṣe.

Àbúrò ìyá mi fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Gbogbo ojú yí sí i, torí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.

"Bí a bá ń kó lọ ulé tuntun ní ìdílé tiwa," ó ní, "a kì í lọ lọ́wọ́ òfo. A ó hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn ulé àtijọ́, a ó gbìn ín sẹ́yìn tuntun, kí ibẹ̀ má baà ṣàjèjì sí wa. Koríko wa nìyẹn. Ṣe bí àwa la ni ín? Ẹ jẹ́ ká kó o dání."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ṣé ká gbé òpó gólì yín náà dání ni?"

"Ẹ gbé e! Òpó yẹn mọ̀ mí ju ìyàwó mi lọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé wọ́n pa irú rẹ̀ fún un nígbà tó ń mú bọ́ọ̀lù. Ó jókòó, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, torí a fẹ́ kí pápá ti tutù yọ̀yọ̀ kí àwọn ará Èkó tó wálé fún Kérésìmesì. Oníṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wá, Kátólíkì wá, àwọn onígbàgbọ́ àtúnbí gbé ìlù wọn wá. Ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì. A ń gé koríko náà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ pẹ̀lú ilẹ̀ tó so mọ́ ìdí rẹ̀, a ń tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni to búrẹ́dì. Àbúrò ìyá mi wà lórí àga rẹ̀, ó ń darí wa: "Ẹ má gé gbòǹgbò! Ìwọ yẹn, ṣé ibojì lò ń gbẹ́ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, àgbẹ̀ ni gbogbo wa. Bí ó bá jẹ́ ewébẹ̀ ni, tàbí ata, kò sí ọmọdé kan ní ìlú wa tí yóò lọ́ ọ gbìn síbòmíràn nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n koríko ni. Láti kékeré ni a ti ń bá koríko jà. A ń ro ó lónìí, ó ń hù lọ́la. A kò tíì rí koríko tó kú láìjẹ́ pé ẹnì kan dìídì pa á. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí yóò mu.

Tánkà omi kan wá ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí pápá náà. Ó wọ́n omi síbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, pápá sì dára lójú lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Àwọn tó ti Èkó wá ń ya fọ́tò. Wọ́n ní tánkà yóò máa wá. Kò wá mọ́. Ọyẹ́ ọdún náà le, ètè ń bẹ́, odò tó wà nítòsí ibẹ̀ fà sí ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbé omi sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ, wọ́n ń dà á sílẹ̀ bí ẹni tu itọ́ sójú iná. Koríko pọ́n, ó funfun, ó sì di ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri.

Àbúrò ìyá mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀ sípò, Bàbá."

Nígbà tí òjò padà dé, koríko kò padà. Pápá àtijọ́ sì nìyí, ìhòòhò ló wà báyìí, orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ló sì wà. A kò mọ̀ pé koríko yẹn ló ń di ilẹ̀ mú fún wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àgbàrá ti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín pápá, ó sì gbẹ́ kòtò lọ tààrà sí ẹnu gólì àbúrò ìyá mi. Ó jókòó, ó ń wò ó. Òjò kọ̀ọ̀kan ń fẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀nà àtipadà ti dí.

Ó ní kí n mú òun lọ wo ẹgbẹ́ ní pápá tuntun. Mo háyà takisí. Ìdó ni àlejò ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ náà ì bá sì jẹ́ ti ilé rẹ̀ nídìí omi. Ó bu omi àmù kún kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e lé itan, kò jẹ́ kí n gbé e sínú búùtù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lẹ́nu géètì. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Wọn ò gba omi wọlé."

"Ṣé ògùrọ̀ lo rò pé mo gbé ni?"

"Rárá, sà. Òfin ni. Àwọn àlejò ti gbé omi inú ọ̀rá tiwọn wá."

"Omi inú ọ̀rá." Ó tún un sọ. "Nínú ùlú wa."

Kò bínú. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà ti ògiri, a sì wọlé. Ènìyàn tó wà lórí ìjókòó kò pọ̀ tó èyí tó máa ń dúró sí iwájú ilé rẹ̀ nìkan tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà eré sísá fẹ̀ láàrin àwa àti pápá, eruku pupa sì bo àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀.

"Àwọn wo ni tiwa?" ó bi mí.

Mo nawọ́. Kò rí wọn. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan bí ó ti máa ń ṣe, ògiri sì dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Kò kígbe mọ́. Nígbà tó yá, ọmọ wa kan ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó lórí yangí, wọ́n gbé e jáde. Àbúrò ìyá mi sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bí ó bá jẹ́ lórí koríko ni, ì bá ti dìde."

Bí a ti ń jáde lọ, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó ṣa nǹkan kan nílẹ̀. Ìdì gbòǹgbò koríko gbígbẹ ni. Ó yí i lọ́wọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, Bàbá," mo wí. "Gbogbo wa la kó o."

"Ta ló dìde nípàdé?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kúrò nídìí ògiri, a sì lọ bá takisí.

Ẹgbẹ́ náà kò ju sáà díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ jìn, owó ọ̀kadà pọ̀, àwọn èèyàn ò lọ mọ́, àwọn ọmọ náà sì tú ká, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan ń wa ọ̀kadà gan-an. Wọ́n ti ń sá kòkó sórí símẹ́ǹtì ìjókòó báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó ni àwọn ọ̀dọ́ ń kún. Mo sọ fún un níjọ́ kan pé mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ẹgbẹ́ òyìnbó náà ń kó kúrò láàrin ìlú, wọ́n ń lọ sí pápá ńlá lẹ́yìn ìlú. Ó kọjú sí mi.

"Ṣé àwọn náà kó koríko wọn dání?"

"Rárá, Bàbá."

"Wọ́n gbọ́n."

Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí Sátidé bá ti dé, yóò bu omi láti inú àmù sínú abọ́, yóò gbé ife lé e lórí, yóò sì jókòó kọjú sí kòtò. Gbogbo ilé yòókù ti jáwọ́, tirẹ̀ nìkan ló ń kàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi kì í mu ún, torí ọmọ ilé ni mí. Ti àlejò ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò rọra sọdá títì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, yóò da omi náà sórí ilẹ̀ pupa níbi tí ẹnu gólì wà tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan kò hù níbẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tó o bá ń ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tó o sì rí bàbá kan tó jókòó ti abọ́ omi níwájú kòtò, ṣé wàá sọ̀ kalẹ̀ mu ún?