Tíì Ṣáínà Lórí Pẹpẹ Pupuru

Pupuru ni èmi àti ìyá mi ń ṣe ní Ìjù-Odò. Nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì, ìdí iṣẹ́ náà ni mo jókòó sí. A máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n rogodo bí bọ́ọ̀lù, a ó wá tò ó sórí pẹpẹ tó wà lókè iná kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn, torí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú máa ń tì mí. Bí oníbàárà bá ti kí wa, ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà lọ, ìyá mi á sì máa sọ fún wọn pé, "Ẹ má dá a lóhùn. Kò yadi o, ọkọ ló ń fi ohùn rẹ̀ pamọ́ dè."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa ni obìnrin olùkọ́ kan, ará Èkìtì, tó ń gbé ní Òkìtìpupa. Èmi ni mo máa ń gbé pupuru lọ sílé wọn. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn nídìí tíì. Kì í ṣe tíì inú àpò tí a ń fi mílíìkì pò. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń pò ó kò ju ọsàn kan lọ. Ewé inú páálí ká rogodo, ó dúdú, ó le. Àbúrò wọn tó ń ṣòwò ní Ṣáínà ló fi ránṣẹ́. Oolong, orúkọ irú tíì náà, ni wọ́n kọ sára páálí.

Wọ́n da omi gbígbóná lé ewé náà lórí, kí n tó ṣẹ́jú wọ́n ti da gbogbo omi náà nù. Nílé wa, inú omi àkọ́kọ́ ni agbára àgbo wà.

"Ẹ ti dà á nù, mà?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹni tó sùn láti Ṣáínà títí dé Òkìtìpupa, ṣé kò ní í bọ́jú ni?"

Wọ́n bu omi míì sí i, wọ́n dúró bí ìgbà tí ènìyàn ka ení dé ogún, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ sínú ife kéékèèké méjì. Kò sí ṣúgà. Ó korò díẹ̀ lórí ahọ́n, àmọ́ nígbà tí mo gbé e mì, adùn kan padà wá sí ọ̀fun mi, bí ìgbà tí ènìyàn jẹ obì tán tó mu omi tútù. Ó ń ta sánsán bí òdòdó ọsàn. Ewé kan náà la bu omi sí títí di ìgbà keje. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò hàn mí, ewé náà ti là, odindi, pẹ̀lú igi rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń gbé pupuru fún àwọn oníbàárà, ilé wọn ni mo máa ń fi ṣe ìkẹyìn kí n lè jókòó. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n máa pò ó fúnra mi, wọ́n á kàn gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá jẹ́ kó pẹ́ jù.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n fún mi ní ìkòkò kékeré náà àti ewé tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ páálí, tí kò ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo dúpẹ́, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yí padà.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ wá mu ún nílé wa kí ẹ tó lọ. Èmi ni màá pò ó."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Ó dáa. Àárọ̀ Sátidé."

N kò ní ohun míì tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n mu ife kan tó dára láti ọwọ́ mi kí wọ́n tó kúrò, ìyẹn nìkan.

Àsìkò òjò ni. Nílé wa, ohun tí a kò bá fẹ́ kó bu, orí pẹpẹ là ń kó o sí: iyọ̀, irúgbìn àgbàdo, ẹja. Mo ṣí ẹnu páálí náà, mo gbé e síbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e wálẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òórùn èéfín pupuru ló kọ́kọ́ kí mi.

Ìyá mi fi imú sí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí wọ́n fún ọ, o ti yan án! Fi mílíìkì sí i jàre, kí o da ṣúgà bò ó. Wọn ò ní mọ̀."

"Wọ́n á mọ̀."

"Jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má wá."

"Kí wọ́n wá, Màmá. Màá pò ó."

Ní Sátidé, bàbá ọlọ́kadà kan gbé olùkọ́ náà dé. Wọ́n ní kó dúró, torí wọn kò tíì di ẹrù tán. Ìta ni mo dáná èédú sí kí èéfín má bàa tún wọ omi. Mo jẹ́wọ́ kí n tó bu omi sí i.

"Orí pẹpẹ ni mo gbé e sí, mà. Ó ti mu èéfín. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Pò ó ká wò ó."

Mo da omi kìíní nù. Wọ́n tọ́ ekejì wò, wọ́n ṣẹ́jú wẹ́rẹ́. "Ó dára," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń yin ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nílé àna. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò yàtọ̀. Ọlọ́kadà fọn fèrè. Wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n dìde.

"O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú."

Gbígbìyànjú yẹn ló dùn mí jù. Mo wo inú ìkòkò. Ewé náà kò tíì là tán, inú rẹ̀ ṣì ká. Pupuru tó dúdú jù lọ, bí a bá họ ọ́, funfun ni inú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, mà." Ohùn mi le ju bí mo ṣe rò lọ.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" ni ìyá mi wí.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yìn ewé la ṣì ń mu. A kò tíì dé inú rẹ̀."

Ọlọ́kadà tún fọn fèrè. Mo yíjú sí wọn. "Bàbá, ẹ pa ọ̀kadà yín. A ò tíì ṣetán."

Wọ́n pa á. Olùkọ́ náà jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan.

Mo tún bu omi sí i, mi ò jẹ́ kó kán sílẹ̀. Nínú omi kẹrin, èéfín ti ń jìnnà. Nígbà tí mo ro ìkarùn-ún sínú ife, òórùn òdòdó ọsàn ti dé imú mi kí n tó gbé e fún wọn. Wọ́n mu ún díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n mu ún tán. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò sọ pé ó dára. Wọ́n kàn na ife sí mi padà. Bí mo ṣe ń gbé omi gbígbóná, ìyá mi ti wọlé lọ mú ife tiwọn.