Súwẹ́tà Aláwọ̀ Eérú

"Màámi, ẹ bá mi fi téèpù wọn apá yín, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́."

Ohùn ọmọ rẹ̀ nìyẹn lórí fóònù, lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan báyìí tí kò jọ ọjọ́ burúkú rárá. Ìyá náà ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lórí okùn. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

"Apá wo?"

"Ti òsì."

"Kí lo fẹ́ fi apá mi ṣe? Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò ra èyí tó wọ́? Ẹ ṣáà bá mi wọ̀n ọ́n. Mo ní oníbàárà kan tí apá rẹ̀ ṣe bíi tiyín. Tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ pè mí."

Apá náà wọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ìyá yìí wà lọ́mọge, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì, ẹ̀rọ sì fà á lápá lọ. Wọ́n to eegun náà, àmọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò nà tán mọ́ láti ìgbà yẹn. Onígbọ̀nwọ́ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́, nígbà tó sì bímọ, ó di Ìyá Onígbọ̀nwọ́. Kò ṣeé ṣe fún un láti dá apá òsì rẹ̀ wọ̀n, torí téèpù kì í dúró lórí ohun tó tẹ̀. Ó jáde lọ bá aládùúgbò rẹ̀ kí ó bá òun di ìdí téèpù mú. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n sì fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Nígbà tó pe ọmọ padà, fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan gbé e. Ẹni tó ni ilé oògùn tí ọmọ náà ti ń bá wọn tajà ni. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ohùn rẹ̀ nìkan ti tó.

Wọ́n ní orí ló ní ó ń fọ́ òun. Ó lọ sùn sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé oògùn kí àkókò ìsinmi tó tán, kò sì dìde mọ́. Láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn orí fífọ́ ló ti kú.

Àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n sọ ohun tí èèyàn ń sọ. Obìnrin kan ní ọmọ náà ti lọ síbi ìsinmi. Ìyá Onígbọ̀nwọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ìsinmi kí ni? Ṣé ó sọ fún ọ pé ó rẹ òun ni?" Obìnrin náà kò tún wá mọ́. Òun náà kò retí rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára jù, kì í ṣe òun ni wọ́n bá sọ ọ́. Ó ń kọjá lọ sí bálùwẹ̀ nílé ọkọ ọmọ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ náà tó jẹ́ obìnrin ń wí fún ẹnìkan pé, "Ìyàwó wa dáa o, ṣùgbọ́n kò parí nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ẹ wo gbogbo òwú tó kó jọ."

Kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn ún. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun aṣọ òtútù, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ lórí àga, àmọ́ ìwà ọmọ náà kò jọ tirẹ̀. Bí inú ọmọ náà bá dùn, á ra òwú. Bí wọ́n bá bú u níbi iṣẹ́, á ra òwú. Òwú wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kún inú fírìjì kan tó ti kú tí wọn kò tíì gbé jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìkejì. Ìborùn kan wà tó gùn dé àyà nìkan. Tí ìyá bá sì bẹ̀rẹ̀ ìbínú rẹ̀ tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo fẹ́ parí gbogbo èyí?" ọmọ á ní, "Màámi, òwú kì í jẹrà."

Òótọ́ ló sọ. Òwú náà wà níbẹ̀ rírọ̀, kò díbàjẹ́, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ tí ọmọ náà máa ń fi sáàárín rẹ̀. Ẹni tó rà á ni kò sí mọ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ fi wá. Oníṣẹ́ iná ni, ó dákẹ́, kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ.

"Màmá, ẹ má bínú. Yàrá tí àwọn òwú yẹn wà ni mo fẹ́ gbà lò. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá bá mi gbé. Mo ní kí n bi yín bóyá ẹ máa kó wọn, tàbí kí n kó wọn fún àwọn tó ń kólẹ̀."

Ìyá náà wò ó títí. Bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ìbá sàn fún un. Ì bá rí ẹni bú.

"Má kó o fún ẹnikẹ́ni," ló sọ. "Èmi ni màá parí ẹ̀."

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun á hun ún parí, títí kan èyí tó kéré jù lọ, kí ẹnikẹ́ni má lè la ẹnu sọ pé ọmọ òun kò parí nǹkan kan. Ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ dà sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ yẹn, kó sì ní, "Ka ohun tó kù."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àpò òwú kún yàrá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rìn. Aládùúgbò rẹ̀ tó bá a di téèpù mú a máa wá bá a jókòó lọ́sàn-án ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Aláago là ń pè é, nítorí pé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ń tún aago ṣe, àwọn aago tí àwọn oníbàárà kò padà wá gbà ṣì kún ògiri ilé rẹ̀, kálukú ń sọ àkókò tirẹ̀.

"Wá sílé mi," ni Ìyá Aláago máa ń wí, "aago tó bá wù ọ́ ni wàá bá níbẹ̀. Ìwọ ṣáà wá ògiri tó bá ọ lára mu."

Bí àwọn tó ń hun nǹkan ṣe máa ń ṣe ni Ìyá Onígbọ̀nwọ́ ṣe ṣe é. Bí òwú bá pọ̀ nílẹ̀, àwọn kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, àwọn àjẹkù tí a ká róbótó bí ọsàn, kí àpò lè fúyẹ́, kí ojú sì rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Ó hun ìkejì fún ìbọ̀sẹ̀ tó dá wà. Ó fa ìborùn dé ibi tó yẹ kó dé. Èyí tí kò bá sì rí ohun tó bá mu nínú àwọn àjẹkù, á fi hun fìlà fún àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ Ìyá Aláago tó jẹ́ agbẹ̀bí ló ń bá wọn kó o lọ sí ilé ìwòsàn.

Nínú àwọn kéékèèké yìí ni ó ti rí òwú kan tó ní àwọ̀ eérú, rírọ̀ bí irun ẹran. Òun nìkan ni wọ́n fi rọ́bà ìdirun so. Rọ́bà ọmọ rẹ̀ ni, ó ṣì ní irun kan lára. Ó gbé rọ́bà náà sí imú, ó wá fi sí ọrùn ọwọ́, kò bọ́ ọ mọ́. Ó pẹ́ kó tó lè fi abẹ́rẹ́ kan òwú náà. Kò ronú nípa ìdí tí wọ́n fi so ó lọ́tọ̀. Rọ́bà nìkan ló rí.

"Àwọ̀ eérú fún ọmọ tuntun?" Ìyá Aláago ní. "Ṣé iṣẹ́ báńkì ló fẹ́ ti ibẹ̀ lọ ṣe ni?"

"Orí rẹ̀ á ṣáà móoru."

Òwú náà di fìlà mẹ́ta. Agbẹ̀bí kó wọn lọ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Àpò ti ń tán lọ nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ tún dé. Ó gbé báàgì dúdú kan lọ́wọ́, ìyá náà sì mọ báàgì náà kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, èyí ló ṣẹ́kù. Òun ló gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Láti ìgbà wo ló ti wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ti pẹ́. Inú bùútù ọkọ̀ ló wà, lábẹ́ wáyà. Mo rò pé kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀."

Ìyarun wà nínú rẹ̀, àti bírò, àti ike páúdà tó ti fọ́. Súwẹ́tà kan ló wà nísàlẹ̀, wọ́n ká a dáadáa bí aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ eérú ni. Iwájú rẹ̀ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ tán, wọ́n ti rán wọn pọ̀. Ọrùn rẹ̀ tẹ́jú, kò sí ibi tó wú. Apá ọ̀tún ti wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ihò lásán ni, wọ́n fi píìnì ńlá kan di àwọn ojú òwú mú kí wọ́n má baà tú.

Ìyá Onígbọ̀nwọ́ wọ̀ ọ́ kọjá orí. Ó bá a mu léjìká, ó bá a mu láyà, apá ọ̀tún dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí oníbàárà kankan. Òun ni oníbàárà.

Lẹ́yìn náà ló wo rọ́bà ìdirun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwú apá òsì ni wọ́n so lọ́tọ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì lò ó.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣì dúró. "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

"O kò purọ́," ló dá a lóhùn. "Kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Máa lọ sílé."

Ó gbé súwẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta òwú. Obìnrin náà mú òwú aláwọ̀ eérú tirẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná, wọ́n bá ara wọn mu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n jáde síta, sínú oòrùn, tuntun yẹn ń ṣe bíi búlúù.

"Aró ọjọ́ yẹn ló yàtọ̀, Màmá. Bí wọ́n bá ti rẹ ọ̀wọ́ kan tán, èyí tó tẹ̀lé e kì í rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi hun ún bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wò ó?"

"Èmi ni."

Ìyá Aláago náà ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. "Tú apá ọ̀tún. Pín òwú rẹ̀ sí méjì, kí o hun apá kúkúrú méjì. Ó tán."

"Ìwọ lọ tú aago ọkọ rẹ."

"Mi ò sọ ohun burúkú."

"Mo mọ̀. Àmọ́ gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, ìka ọmọ mi ló gbà á kọjá. O fẹ́ kí n jókòó sí ẹnu ọ̀nà yìí, kí n fi ọwọ́ mi tú ọwọ́ rẹ̀." Ìyá Aláago mú abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ó ń hun títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó hun fìlà aláwọ̀ ẹyin mẹ́ta dání, nítorí ó rò pé òun á fi pààrọ̀. Agbẹ̀bí mú un wọ yàrá tí àwọn abiyamọ dùbúlẹ̀ sí. Méjì nínú àwọn tó gba fìlà aláwọ̀ eérú ti lọ sílé, kò sí ẹni tó mọ ilé wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù, torí pé ọmọ rẹ̀ kéré, wọn kò tíì ní kó máa lọ. Ọmọge ni, ojú rẹ̀ wú fún àìsùn. Fìlà náà wà lórí ọmọ rẹ̀.

Agbẹ̀bí ní, "Màmá ló hun ún."

"Ẹ ṣé, Màmá," ọmọge náà wí. "Ara rẹ̀ máa ń tutù. Tí mo bá ṣí fìlà yìí, á jí."

Ìyá Onígbọ̀nwọ́ ti ro ohun tó máa sọ láti ilé wá, ó sì sọ ọ́. Ó ní òwú náà kì í ṣe ti òun, ti ọmọ òun tó kú ni, òun kò mọ̀ nígbà tí òun fi hun ún, ó ṣẹ́ ku ibì kan lára aṣọ tí kò sí òwú mìíràn tó lè parí ẹ̀. Ọmọge náà kò jiyàn. Ó rọra ṣí fìlà náà, ó nà án sí i. Ọmọ náà lajú, ó ń fi orí wá nǹkan kiri.

Ìyá náà gbà á. Ó tẹ́ ẹ sí apá òsì rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Èèyàn tó mọ òwú kò nílò téèpù. Bó bá tú u, kò ní dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó dé e padà fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó fi àwọn fìlà aláwọ̀ ẹyin náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yẹn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà láti wá kí i. Ó rí àwọn ìbọ̀sẹ̀, ó rí ìborùn, ó rí aṣọ ìbora, gbogbo wọn tò sórí tábìlì. Ó ní, "Háà, Màmá, ẹ mà gbìyànjú. Gbogbo rẹ̀ ti tán." Ìyá Onígbọ̀nwọ́ ti ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn, ó ti tò ó sẹ́nu láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò rí i sọ. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn yàrá dáadáa kí obìnrin náà má baà rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Orí ìṣó ni súwẹ́tà náà wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ìgbọ̀nwọ́ náà máa ń ro ó. Ìwọ̀n apá tó fi téèpù mú lọ́jọ́ tí ọmọ pè é ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Píìnì ṣì di àwọn ojú òwú mú.

Súwẹ́tà náà kò tíì ní apá òsì.