Wọ́n Ti Ra Ńlá

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé ọ̀rọ̀ kékeré bíi "wọ́n" lè tàn mí jẹ, n bá ní kí ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó dúdú láìmọye ìgbà: wọ́n fún ẹni púpọ̀, wọ́n fún ẹnì kan ṣoṣo tó ju ẹni lọ. Mo ti na ọmọ nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló sì mú mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ ra géèmù.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo fẹ́ ra géèmù, èyí tí àwọn ọmọ ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni mo fẹ́ rà á fún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ìbàdàn ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ní Ìlobù ló ti máa ń lo ìsinmi gígùn láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ni mo bí. Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìyá bàbá rẹ̀ ń gbé. Kò jìnnà síra rárá. Tí ènìyàn bá gun ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà mi, kó tó tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa, ó ti dé ọ̀hún. Màmá Ìlobù ni ọmọ náà ń pè mí, Màmá Ìfọ́n ló ń pe ẹnìkejì.

Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò lọ́dọ̀ mi. Ó ní ilé mi ti dákẹ́ jù. Nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀, ó bi mí bóyá n kò lè ra géèmù sílé ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn ilé yìí láàárọ̀, èmi nìkan ni mò ń tì í nírọ̀lẹ́. Ìsinmi gígùn ọmọ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọdún yí. Mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta sí i, ọ̀rẹ́ ni yóò máa wá kiri, kì í ṣe èmi. Tí n kò bá dì í mú báyìí, kò sí ìgbà mìíràn. Mo pinnu pé mo máa ra géèmù náà.

Èwo ni kí n rà? Ìyẹn ni n kò mọ̀.

Ilé géèmù kan wà lẹ́yìn ọjà wa, tí àwọn ọmọ ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo wọ ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ dìde. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wáyà. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin.

"Ẹ má bínú mà," ó ní. "Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi Àjíǹde o. Kò sí ìsáǹsá kankan níbí."

Mo ní kì í ṣe ìsáǹsá ni mo wá mú, mo wá kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Ó wò mí títí, ó nu àga oníke kan fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àmì ohùn mà. Ẹ jókòó kí èmi náà kọ́ yín ní èyí. N kò ní nà yín."

Oríṣi méjì ló ní mo lè yàn nínú rẹ̀. Ńlá wà, èyí tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ní páàdì méjì, tí ènìyàn méjì lè jọ jókòó gbá. Kékeré wà, tó ní ojú tirẹ̀ àti bátìrì tirẹ̀, tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ bíi fóònù, tó lè máa gbá lórí ibùsùn tàbí nínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló tún ní tuntun wà, tòkunbọ̀ wà. Tuntun ò ní ibi tí a ń ki àwo bọ̀, dátà ni a ó fi máa fa géèmù sínú rẹ̀, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlobù ṣe rí. Tòkunbọ̀ ti ní géèmù nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí ọwọ́ tó kọ́kọ́ lò ó ṣe le tó. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi páàdì lé mi lọ́wọ́, mo sì gbá bọ́ọ̀lù náà dáadáa títí mo fi gbá a sínú àwọ̀n tèmi fúnra mi. Ọmọ kan lẹ́yìn mi ní, "Màmá, ilé yín nìyẹn o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín láàárín ọmọdé.

Ńlá ni mo mú, ńlá tuntun. N kò ní purọ́ nípa ìdí rẹ̀. Kékeré ṣeé jù sínú báàgì, ó ṣeé gbé dé Ìfọ́n. Ńlá kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó bá fẹ́ gbá a, inú ilé mi ni yóò ti gbá a, èmi ni yóò sì mú páàdì kejì.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún àna mi, Màmá Ìfọ́n náà.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo máa pè é nínú ìwé yìí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Kí a tó di àna, ọ̀rẹ́ ni wá. A jọ ka ìwé olùkọ́ ni, a jọ kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà níbí ní Ìlobù, ìwọ àti ìwọ ni a ń pe ara wa. Nígbà tí ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣófo, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ta lólobó, òun sì ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo tilẹ̀ gbé lẹ́tà tí mo fẹ́ fi béèrè ipò náà fún un pé kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Kí n tó tún un kọ, ó ti lọ sí ọ́fíìsì ní Òṣogbo. Ó gbé búrẹ́dì wá sílé mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Wọ́n ní kí n wá bọ́ sípò náà." Mo bi í pé ta ni wọ́n. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì ni. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ mi obìnrin wá rí ara wọn. Mo kọ̀ ọ́, ọmọ mi sunkún, mo gbà. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni èmi àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń sọ "ẹ̀yin" síra wa. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yìn "ẹ̀yin" ni mo dúró sí fún ọdún méjìlá, n kò bá a jà, n kò sì dárí jì í.

Kí ló wá dé tí mo fi sọ fún un? Mo fẹ́ ṣe fọ́ńté ni. Ó pè mí lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà, ó bi mí ohun tí mò ń ṣe, mo sì rò pé yóò dára kí ó mọ ibi tí ọmọ náà yóò wà ní ìsinmi. Mo ro gbogbo ohun tí mo kọ́ fún un bí ẹni ń kọ́ kíláàsì. Ó béèrè iye páàdì. Ó béèrè bóyá tuntun sàn ju tòkunbọ̀ lọ. Ó ní kí n tún orúkọ géèmù náà pè, mo tún un pè, mo sì gbọ́ tó ń ṣí ìwé. Mo sọ fún un pé ńlá ló dára fún ọmọ tí a kò fẹ́ kó máa jáde kiri. Lẹ́yìn náà ló fún mi nímọ̀ràn.

"Àna mi, ẹ jẹ́ kí Iléyá kọjá ná. Ọjà ti le jù báyìí. Ẹ ṣe sùúrù."

Mùsùlùmí ni, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹni tó ń ṣe Iléyá ló mọ ọjà Iléyá. Mo ṣe sùúrù.

Iléyá kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ra géèmù náà ní Òṣogbo, ọmọ ọmọ mi pè mí láti Ìbàdàn. Kí n tó sọ ohun tó wí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sọ nípa Màmá Ìfọ́n pé, "Ó ń sùn." Mo ní kí ó kúnlẹ̀. Mo ní kí ó sọ "wọ́n ń sùn" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. N kì í ṣe ọ̀rẹ́ obìnrin náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ni ẹ̀kọ́ ilé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò ṣì í sọ mọ́.

Ohun tó sọ lórí fóònù rèé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já: "Màmá, wọ́n ti ra ńlá. Kékeré ló kù."

Mo ní, "Wọ́n ti rà á tán?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n ti rà á. Kékeré ni kí ẹ̀yin rà."

Ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn ènìyàn ti ra ńlá tán lọ́jà nítorí ọdún. Mo bínú sí ara mi pé mo dúró. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo kí kékeré náà má baà tán. Mo rí àwọn páálí ńláńlá lórí pẹpẹ lẹ́yìn ẹni tó ń tà á. Mo rò pé páálí òfìfo ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. N kò béèrè. Kí ni n bá tún béèrè, nígbà tí ọmọ ti sọ fún mi? Mo ra kékeré, mo gbé e sórí itan títí mo fi délé. Mo ti to àga méjì sí iwájú tẹlifíṣọ̀n kí ńlá tó dé. N kò dá wọn padà sáyè wọn.

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ Sátidé. Ó kúnlẹ̀, ó tú géèmù náà, ó dì mọ́ mi. Ó sùn lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo rí i tó ń kó aṣọ sínú báàgì. Ó ní òun fẹ́ lọ sí Ìfọ́n. Mo bi í ìgbà tí yóò padà. Kò wojú mi.

"Ńlá wà lọ́dọ̀ wọn, Màmá. Ṣebí mo sọ fún yín lórí fóònù."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń tú gbólóhùn náà bí mo ṣe máa ń tú u fún kíláàsì. Wọ́n ti ra ńlá. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnì kan ni. Mo bi í pé ta ló wá ní kí èmi ra kékeré. Ó ní, "Àwọn náà ni. Wọ́n ní kí n sọ fún yín, kó má baà di méjì."

Ó ju kékeré sínú báàgì, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ó gun ọ̀kadà. Ó gbàgbé ṣájà rẹ̀ sára ògiri.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo ṣájà náà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé e sínú àpò mi, mo fi ṣe àwáwí, mo lọ sí Ìfọ́n. Ọ̀sán gangan ni. Àna mi wà lórí ẹní níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wọ awò ojú, páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ńlá tuntun ni géèmù náà, irú èyí tí mo pe orúkọ rẹ̀ fún un gan-an.

"Àna mi, ẹ káàbọ̀," ó ní. Kò gbé páàdì sílẹ̀. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n gbá eléyìí tán."

N kò jókòó. Mo bi í ohun tó mú un ra èyí.

"Wọ́n ní òun ló dára fún ọmọ tí a kò fẹ́ kó máa jáde kiri."

"Ta ni wọ́n?"

Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin kọ́ ni, àna mi?"

Mo ti fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí àgbà. Mo ti tò ó sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn.

"Kì í ṣe wọ́n," mo ní. "Ìwọ ni. Ìwọ lo ṣe ti lẹ́tà ọjọ́sí, ìwọ náà lo ṣe èyí."

Àwọn òǹwòran inú géèmù náà ń hó lọ. Ọmọ ọmọ mi gbé orí kúrò léjìká rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí ìró mi já níwájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Màmá, ẹ pè wọ́n ní ìwọ."

Èmi ni mo kọ́ ọ. Àna mi sì yí ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n, ó rọra sọ fún ọmọ náà pé, "Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Àgbà ti dé sí wọn."

Mo jáde. Mo ti dé Ìlobù kí n tó rántí pé ṣájà náà ṣì wà nínú àpò mi. N kò ní tan ara mi jẹ, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní kékeré yóò kú, yóò sì di dandan kí ó wá. Mo se ọbẹ̀ sílẹ̀. Mo nu àga méjèèjì.

Ó pè ní ọjọ́ kejì. Mo jẹ́ kí fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e, kí ó má baà dà bíi pé mo jókòó tì í.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ má ṣèyọnu lórí ṣájà yẹn mọ́. Ti fóònù wọn bá a mu."

Mo ní kò burú. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò béèrè ẹni tó ń jẹ́ wọ́n.