Ìyá Lẹ́tà Ra Kọ̀ǹpútà Kẹ̀kẹ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Lẹ́tà ti ń gun kẹ̀kẹ́ pín ìwé kiri, kò sì sí ọjọ́ kan tó bèèrè iye kìlómítà tí òun ń gùn. Orúnkún rẹ̀ ló ń bá a kà á. Tó bá ti kan òpópónà olókè, orúnkún ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀. Kó tó padà dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ti òsì náà á ti dá sí i. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pinnu pé ẹsẹ̀ ara òun ni òun máa fi rìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọn ò ní gbé òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀, kò sì dàgbà ju àkọ́bí Ìyá Lẹ́tà lọ.

"Màmá, ẹ jókòó. Wọ́n ní ká tún gbogbo ọ̀nà pín. Ọ̀nà tó bá lé ní kìlómítà márùndínlọ́gbọ̀n lójúmọ́, a máa gé e sí méjì, ẹlòmíì á mú apá kan. Èyí tí kò bá lé, a máa fi àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn ilé ìwé kún un."

"Tèmi ńkọ́?"

"Máàpù ní mọ́kànlélógún."

"Ṣé máàpù gun kẹ̀kẹ́ rí ni?"

Akọ̀wé tó jókòó sídìí fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Àárín títì ni máàpù ń gbà lọ tààrà, ọ̀gá," ni Ìyá Lẹ́tà wí. "Èmi ń ti ọ̀tún bọ́ sí òsì ni. Mo ń wọ ojú ọ̀nà tí ò já, mo sì tún ń gba ibẹ̀ jáde."

"Mo gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò láyè fún àlàyé. Ẹ wá nǹkan tó ń ka kìlómítà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ yín. Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Tẹ́ ẹ bá ti dé lójoojúmọ́, akọ̀wé á kọ iye tó bá wà lójú ẹ̀, á sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ohun tó bá sọ la máa ṣe."

"Ta ló máa sanwó ẹ̀?"

"Màmá, ẹ̀yin ni."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá di ti ìnáwó nìyẹn. Ìyá Lẹ́tà kì í ṣe ahun, ṣùgbọ́n kì í ra ohun tí kò mọ iṣẹ́ tó máa fi ṣe. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń lẹ táyà fún un, nítorí pé lópin ọ̀sẹ̀ kì í fojú kan kẹ̀kẹ́. Ṣọ́ọ̀bù náà há, táyà so rọ̀ láti òkè àjà bí ẹ̀gbà ọrùn, òórùn rọ́bà àti gírísì sì ń kí èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Oníkẹ̀kẹ́ to kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ka kìlómítà, sórí gíláàsì níwájú rẹ̀.

"Eléyìí ni ọba wọn, Màmá. Ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ó ń ya ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà, ó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ó tún ń ka bí ọkàn yín ṣe ń lù."

"Èló ni?"

Oníkẹ̀kẹ́ sọ iye rẹ̀. Ìdajì owó oṣù ni.

"Ọkàn mi ti ń lù báyìí, mi ò tíì gùn ún. Gbé e kúrò níwájú mi."

Ìkejì kò ní wáyà. Owó iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni. Ó ní bátìrì kan lójú, ó sì ní òmíràn nínú èyí tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìyá Lẹ́tà ṣe ìṣirò rẹ̀ kíá: bátìrì méjì, ikú méjì. Ẹ̀kẹta ní wáyà, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni wọ́n ń tà á. Òòfà kékeré kan ni wọ́n máa dè mọ́ sípóòkù, etí kan á wà lára fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú, tí á máa gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí òòfà bá kọjá, ẹ̀rọ á kà á ní ẹ̀ẹ̀kan. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn alágogo ń tà, ó sì ń tó ọdún kan kó tó kú.

"Kò mọ nǹkan mìíì ju kó kà lọ," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Èmi náà ò rán an níṣẹ́ mìíì. Òjò ńkọ́?"

"Omi ò ràn án."

Ìyá Lẹ́tà yọ awò ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ tó mú ẹ̀rọ náà jìnnà sí ara. Ó rí nọ́ńbà rẹ̀ kedere. Ó ná an, ó gé díẹ̀ kúrò nínú owó náà, ó san án. Ìgbà tí oníkẹ̀kẹ́ ń dì í ló wá bèèrè ìwọ̀n táyà. Ó ní ẹ̀rọ náà kò lè mọ kìlómítà àfi kí wọ́n sọ fún un bí ilẹ̀ tí táyà ń gbà ṣe gùn tó nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Lẹ́tà ka nọ́ńbà ara táyà rẹ̀ fún un láti orí. Oníkẹ̀kẹ́ wo ìwé tó wà nínú páálí láti òkè délẹ̀: táyà kìǹbà-kìǹbà tí ìjọba fún wọn kò sí níbẹ̀.

"Ẹ máa wọ̀n ọ́n nílé nìyẹn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí táyà ti kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì sí ilẹ̀ náà. Ẹ gun orí ẹ̀ tòun ti báàgì lẹ́tà, torí ẹrù máa ń tẹ táyà. Kí ẹnì kan rọra tì yín lọ títí àmì ara táyà á tún fi kan ilẹ̀. Àárín àmì méjèèjì lẹ máa wọ̀n."

"Ìyẹn rọrùn. Ọkọ mi ní téèpù."

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, àti ìwé ńlá tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Wọ́n ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Lẹ́tà gun kẹ̀kẹ́ láàárín yàrá, báàgì kún fún àgékù aṣọ níwájú rẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ sókè! Ṣé o fẹ́ fi pẹ́dáàlì fa aṣọ aláṣọ ya ni?"

"Ẹ rọra, Bàbá. Mo fẹ́ ṣubú."

"Èmi ò yára. Ìwọ lo wúwo."

Táyà yí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Télọ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu, ó tẹ́ téèpù, ó sàmì síbi tó parí sí, ó tún tẹ́ ẹ.

"Sẹ̀ǹtímítà igba ó lé mẹ́fà géérégé. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni téèpù yìí ti wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó dá aṣọ padà fún mi rí."

Ìyá Lẹ́tà so ẹ̀rọ náà mọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì tẹ nọ́ńbà náà sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Lẹ́tà padà dé pẹ̀lú 24.4. Akọ̀wé kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24.5. Nígbà tó ń lọ sílé, Ìyá Lẹ́tà gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá, ó sì ka àwọn ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ dì mọ́ ọn: ọgọ́ta ó lé mẹ́rin, gbogbo wọn wà lókè.

Ọjọ́rú ló fura. Títì ńlá kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n ri òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Lójú òkúta kìíní, ẹ̀rọ wà ní 9.30. Lójú ìkejì, 10.27. Lójú ìkẹta, 11.24. Ó dúró, ó ṣe ìyọkúrò lórí ẹ̀yìn àpò ìwé kan. Láti òkúta dé òkúta, ẹ̀rọ ń jẹ ọgbọ̀n mítà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó padà sí ọ́fíìsì, wọ́n tún kọ 24.4 fún un, ó sì darí kẹ̀kẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ojú tó le.

"Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó o tà fún mi ti ń jalè."

Oníkẹ̀kẹ́ yẹ òòfà wò, kò sí wàhálà. Ó mú téèpù onírin lára ògiri.

"Ẹ gùn ún, Màmá, tòun ti báàgì."

Ó tì í, ó wọ̀n ọ́n. Ó tún tì í, ó tún wọ̀n ọ́n.

"Igba ó lé méjìlá. Mẹ́fà lẹ kọ síbí. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Ọkọ mi."

"Téèpù wo?"

"Téèpù iṣẹ́ ẹ̀ ni."

Oníkẹ̀kẹ́ fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ yá tèmi lọ sílé, Màmá. Kẹ́ ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

"Àbí o fẹ́ kí wọ́n lé mi jáde nílé ni?"

Síbẹ̀ ó mú un lọ. Ó tẹ́ téèpù méjèèjì sórí tábìlì ìgéṣọ. Níbi tí ti aṣọ ti pé àádọ́jọ, ti irin ti kọjá rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin àbọ̀. Bàbá Télọ̀ wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Téèpù onírin yẹn ló sún kì."

"Irin ló sún kì, Bàbá?"

"Irin máa ń sún kì tí òtútù bá mú."

Ìyá Lẹ́tà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ lọ sí ìṣó tó wà lára ògiri. Níbẹ̀ ni téèpù máa ń sùn lálaalẹ́, sísọ́ọ̀sì ńlá so mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà ká jọ, tí ìwúwo rẹ̀ sì ń fà á gùn. Ojú ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀. Ó jókòó.

"Ọdún méjìdínlógún," ló wí. "Gbogbo aṣọ tí mo ti rán."

Láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ro èyí.

"Téèpù tẹ́ ẹ fi wọn oníbàárà náà lẹ fi wọn aṣọ ẹ̀. Ohun tó fi rẹ́ oníbàárà jẹ, òun náà ló fi rẹ́ aṣọ jẹ, àwọn méjèèjì bára mu. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi dá nǹkan padà. Táyà mi nìkan ni ẹ ò ránṣọ fún."

Bàbá Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Mi ò ṣàṣìṣe nìyẹn."

"Ẹ ò ṣàṣìṣe."

"Táyà ẹ ló yájú."

"Òun ni, Bàbá."

Bàbá Télọ̀ sún mọ́ kẹ̀kẹ́, ó fúnra rẹ̀ tẹ igba ó lé méjìlá sínú ẹ̀rọ. Kò ju téèpù rẹ̀ nù. Owó kékeré ló máa fi ra tuntun, ṣùgbọ́n ìwọ̀n oníbàárà irínwó ló wà nínú ìwé ńlá, téèpù àtijọ́ ni wọ́n sì fi wọn gbogbo wọn. Ta ló máa pe irínwó èèyàn padà?

Ọjọ́bọ̀ mú 25.1 wá, ọjọ́ Ẹtì mú 25.2. Ọ̀gá fi ìka rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà náà láti òkè délẹ̀, ó sì dúró láàárín.

"Màmá, láti Mọ́ńdè, mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣé títì hù sí i lálẹ́ ni?"

Ìyá Lẹ́tà ṣàlàyé téèpù fún un, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ yí yìí gan-an ni irọ́?"

"Ẹ ní téèpù onírin tí wọ́n fi ń wọn ẹrù. Ẹ mú un, ká sọ̀ kalẹ̀."

Nínú ọgbà ẹ̀yìn, láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ ìjọba, Ìyá Lẹ́tà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tòun ti báàgì. Akọ̀wé tì í. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò rẹ̀ tó ní ìlà lílọ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Igba ó lé méjìlá. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Igba ó lé méjìlá. Ó mú bírò, ó tún ìṣirò ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe lórí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù. Èyí tó kéré jù nínú wọn di 25.11.

"Ọgọ́rùn-ún mítà àti díẹ̀ ló fi lé, Màmá."

"Ṣé ó lé àbí kò lé?"

Ọ̀gá gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Ó lé."

Wọ́n padà sókè, ó tẹ́ máàpù. Ó ní kí Ìyá Lẹ́tà fi ọwọ́ sí ibi tó fẹ́ kí wọ́n gé kúrò. Ìyá Lẹ́tà fi ọwọ́ sí òpópónà olókè àti ojú ọ̀nà mẹ́ta tí kò já tó yà kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gá fa ìlà pupa yí wọn ká, ó fọwọ́ sí ìwé, ó ní ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Kí Ìyá Lẹ́tà tó lọ sílé, ó yà sídìí pẹpẹ oníhò tó máa ń to lẹ́tà sí láràárọ̀. Ó yọ páálí orúkọ àwọn òpópónà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára rẹ̀, ó kó wọn síwájú akọ̀wé.

"Bá mi sọ fún ẹni tó bá gbà á pé ajá wà ní ojúlé kẹrìnlá òpópónà olókè, ó ń gbó ni, kì í géni jẹ. Ti ojúlé kejìlélógún kì í gbó rárá. Òun ni kó ṣọ́ra fún."

Akọ̀wé wá bírò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.