Ìdí Tí N Kò Fi Wọ Jẹ́sì Ìkòròdú ní Ẹ̀pẹ́

Ìwó ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni mo ti di ẹni tí èèyàn ń mọ̀. Iṣẹ́ lílẹ táìsì ilé ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ ilé kan lápá Agric, ó ní oṣù mẹ́ta péré la máa lò. Oṣù mẹ́ta náà ló di ọdún mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, mo bí ọmọ síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àdúgbò.

Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló wà nínú líìgì yẹn. Àwọn mẹkáníìkì ní tiwọn, àwọn tíṣà ní tiwọn, àwọn ọlọ́kadà Gáréèjì Ìkòròdú ní tiwọn. Tiwa ni ti àwọn oníṣẹ́ ilé: bíríkìlà, kápẹ́ńtà, apọ̀dà, àti àwa tó ń lẹ táìsì. Àárín ẹ̀yìn ni mo ń gbá, nọ́ńbà fáìfù. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ yára. Ohun tí mo ní ni pé mo máa ń tètè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bọ́ sí, tó bá fi máa débẹ̀, orí mi ti wà níbẹ̀.

Bàbá onílé mi ni alága líìgì náà. Ọmọ bíbí Ìkòròdú ni wọ́n, tíṣà ìtàn sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ti gbé ìlú òyìnbó nígbà kan rí, òun ló ń fi ìwé bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí wọn. Páálí ńlá kan kún fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìwé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bí a bá ti kírun Àsárì tán, tí n kò bá sí níbi iṣẹ́, wọ́n á pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

“Ọmọ Ìwó, wá wo eléyìí.”

Àwòrán àwọn ọkùnrin mọ́kànlá ni wọ́n sábà máa ń fi hàn mí, àwọn òyìnbó tó káwọ́ gbera, tí wọ́n la irun sí méjì. Bàbá á ní kí n wò ó dáadáa, pé mọ́kànlá yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Láyé ìgbà yẹn, líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ṣa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, á fi wọ́n ṣe ikọ̀ kan ṣoṣo, ikọ̀ yẹn á wá lọ kojú ti líìgì Skọ́tíláǹdì tàbí ti Áílàńdì. Àwọn ìgbìmọ̀ ló ń jókòó ṣa wọ́n. Ohun tí Bàbá fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe orílẹ̀-èdè ni ẹni tí wọ́n bá mú ń gbá fún. Líìgì ló ń gbá fún. Wọ́n lè mú ọmọ Skọ́tíláǹdì tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wọ jẹ́sì líìgì Gẹ̀ẹ́sì.

“Wọn ò béèrè ibi tí wọ́n ti bí i,” Bàbá á wí. “Ibi tó ti ń làágùn ni wọ́n wò. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn yé ọ?”

Ó yé mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ti gbé ilé onílé fún ọdún mẹ́sàn-án mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìpàdé àdúgbò bá le díẹ̀, tí ẹnì kan á dìde tí á ní kí ẹ̀yin àlejò kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Bàbá ò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo Ìkòròdú, Bàbá nìkan ló ń pè mí ní ọmọ Ìwó tí kò sì ní èébú nínú.

Bàbá náà ló dá a lábàá pé kí líìgì tiwa ṣa ikọ̀ kan, kí líìgì Ẹ̀pẹ́ náà ṣa tiwọn, ká lọ pàdé lórí pápá ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ gbà. Bàbá àti àgbà méjì mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwé àti bírò lọ́wọ́. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi wò wá, gbogbo wa sì ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ilẹ̀.

Orí Wasáàpù ni orúkọ jáde sí. Orúkọ karùn-ún ni tèmi. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó tún un kà, ó sì pe ìyá mi ní Ìwó kí n tó gba fóònù mi padà. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, wọ́n ní, “Èmi kọ́ ni mo mú ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ló mú ọ.” Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. N kò retí pé bọ́ọ̀lù á gbé mi lọ sí ibì kankan. Mo kàn fẹ́ wọ jẹ́sì tí wọ́n kọ Ìkòròdú sí láyà ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ bọ́ọ̀lù, Bàbá pè mí wọ pálọ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti máa ń sọ̀rọ̀. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti kọ̀wé pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ni kí ẹgbẹ́ méjèèjì lò, pé tí a bá mú àlejò wá, àwọn ò ní gbá.

“Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má bàa dìjà.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n dorí kodò, àánú wọn ló ṣe mí. Èmi ni mo ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Mo ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Ẹ ti gbìyànjú.” Títí dòní, tí mo bá rántí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ yẹn ló máa ń ta mí jù.

Ìyàwó mi ní kí n má lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ní màá lọ, pé tí n kò bá lè gbá a, màá lè pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń gbá a. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ti kún, nítorí náà mo wọkọ̀ tèmi ní gáréèjì, a gba Ìtòìkín lọ. Nígbà tí mo dé pápá, àwọn èrò ti pọ̀, òórùn ẹja yíyan ń fẹ́ wá láti apá ọjà. Akọ̀wé líìgì Ẹ̀pẹ́ rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. A ti mọra láti ọdún tó ṣáájú, nígbà tí ẹgbẹ́ wa wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ó sáré wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ara ti yá? A ti ń gbàdúrà fún yín o. Wọ́n ní ibà dá yín dùbúlẹ̀, ẹ ò lè dìde.”

Mo rò pé ó ṣì mí mú fún ẹlòmíràn ni. Mo bi í pé, “Ta ló ní mo ń ṣàìsàn?”

“Alága yín ni. Wọ́n pè mí lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀ pé kí n yọ orúkọ yín, pé ara yín ò yá.”

“Òfin tẹ́ ẹ ṣe ńkọ́? Pé kí àlejò má gbá?”

Ó ní, “Òfin wo? Ẹ wo nọ́ńbà náìnì wa yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ̀ ẹja ló ń wà. Aṣọ́lé wa, ọmọ Ìlọrin. Tá a bá ní ká máa wádìí ọmọ onílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kí la fẹ́ ṣe pẹ̀lú àwa fúnra wa? Ṣebí Èkó ni wọ́n ti lé àwọn baba ńlá wa wá.”

Fèrè dún, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì jáde, mo sì rí ẹni tó wọ nọ́ńbà fáìfù. Ọmọ àbúrò Bàbá obìnrin ni. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, níbi tí Bàbá fi í sí, ló wà, orí bẹ́ǹṣì ló sì máa ń wà jù. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé a ti gbọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú pé àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ ńlá kan ń bọ̀ láti wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lè mú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ pápá, mo rí wọn, àwọn méjì tó dé fìlà bọ́ọ̀lù, wọ́n jókòó ti Bàbá.

Màá sọ òótọ́. Mo gbàdúrà kí ọmọ náà ṣe àṣìṣe. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú rẹ̀ tí mo fẹ́ kó yọ̀ ṣubú. Kò ṣubú. Ní abala kejì, ó fi orí gbé bọ́ọ̀lù kan kúrò lẹ́nu góòlù, bí èmi gan-an ì bá ṣe gbé e. Gbogbo ará Ìkòròdú fò sókè. Èmi káwọ́ lẹ́yìn. A fi góòlù méjì sí ẹyọ kan gbẹ̀yẹ, n kò sì mọ̀ bóyá mo lè máa sọ pé “a.”

Bí eré ṣe parí, ojú èmi àti Bàbá ṣe mẹ́rin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tún okùn bàtà wọn so. Balógun ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lójú ilé kan náà, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ara ti yá?” Mo ní ó ti ń sàn. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Bóyá torí pé ilé Bàbá ni mo ṣì ń padà sí ni.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Àsárì, mo lọ bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Bàbá, mi ò ṣàìsàn.”

Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní màá dúró.

“Ọmọ yẹn ò tíì pé ogún ọdún. Ìyá rẹ̀ ò ní ẹlòmíràn. Ìwọ níṣẹ́ lọ́wọ́, o láya, o bímọ. Kí ni jẹ́sì ọjọ́ kan fẹ́ dà fún ọ?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ohun tó jẹ́, sà.”

“Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.” Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. N kò gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n.

“Tẹ́ ẹ bá bẹ̀ mí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Bàbá, ǹ bá gbà. Ẹ mọ̀ pé ǹ bá gbà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ fún mi, tẹ́ ẹ tún purọ́ mọ́ àwọn ará Ẹ̀pẹ́?”

“Mo mọ̀ pé wàá gbà,” ni wọ́n wí. “Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Mi ò fẹ́ kí n máa wò ọ́ nínú ilé mi bí ẹni tí mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.”

Wọn ò bẹ̀ mí. Mi ò sì retí ẹ̀bẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wọlé lọ.

Kí oṣù méjì tó pé, a kó lọ sí Ìmọ́tà. Ọmọ àbúrò Bàbá wá mi débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn kóòṣì ò mú òun, àti pé òun ò mọ nǹkan kan, wọ́n sọ fún òun pé ibà ló dá mi dúró, òun sì rò pé òun ń bá mi di àyè mi mú ni. Mo gbà á gbọ́. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún un, ó jẹun, ó lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúkọ mi tún jáde lórí Wasáàpù. Balógun ẹgbẹ́ pè mí pé kí n má gbàgbé ọjọ́ ìdánrawò. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, láti pálọ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́.

“A mọ̀,” ló wí. “Nínú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sọ fún wa pé tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ibà ló ń ṣe ọ́. Bàbá ni alága. Kí la fẹ́ sọ?”

Mo rántí bó ṣe bi mí pé ara ti yá. Àwa tí a jọ ń jẹ gààrí nínú abọ́ kan lójú iṣẹ́. Mo ní ó dáa, mo dúpẹ́ pé ó pè. N kò lọ sí ìdánrawò náà, n kò sì lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé Bàbá ní Gáréèjì Ìkòròdú. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n dúró sáàárín èrò, gbogbo ọ̀nà ò sì ṣeé kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n wá ní, “Ṣé o ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù?”

“Rárá, Bàbá,” ni mo wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a lánàá ọjọ́ yẹn ni, ní Ìmọ́tà, orúnkún mi ṣì ń ro mí.

Wọ́n mirí. Mo dá kẹ̀kẹ́ kan dúró fún wọn, mo dì wọ́n lápá mú títí wọ́n fi jókòó, mo sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún oníkẹ̀kẹ́ náà.