Àgbọn tí Màámi gbìn ní Ajido

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ajido níbí, ẹ̀yin ọmọ mi, èéfín ló máa ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Màámi ló ń yan ẹja. Ààrò mẹ́fà ló ní, obìnrin mẹ́rin ló ń bá a ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ bá sì ti gúnlẹ̀ létí ọ̀sà, òun ni àwọn apẹja kọ́kọ́ ń ké pè. Ìdúró ló ti ń jẹun. Bí mo bá ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Máa sọ ọ́, mò ń gbọ́." Irọ́ ni o, kì í gbọ́ nǹkan kan!

Èéfín yẹn ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ kan, ó wo ẹ̀gbọ́n mi lójú, ó fi orúkọ mi pè é. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá bàbá mi rí i, ló bá wá jókòó tì í nídìí ààrò.

Ó ní, "Ìyàwó mi, o mọ ẹja tí o máa yan lọ́la. Bí o bá dàgbà tó mi, níbo lo fẹ́ wà?"

Màámi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹja mi ń jóná."

"Ojú ẹ ló ń jóná."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àgbọn kan tó ti hù, ó da iyọ̀ díẹ̀ sínú ihò bí a ti máa ń ṣe, ó gbìn ín sínú iyanrìn lẹ́yìn ilé. Ó ní ọjọ́ tí èso àkọ́kọ́ igi náà bá já bọ́, òun kúrò nídìí ààrò nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ lòun ó máa jókòó sí, tòun ó máa fi ojú ara òun wo ọmọ ọmọ òun. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́: ó kọ́ ọ̀kan bí a ṣe ń bá apẹja nájà, ó kọ́ òmíràn bí a ṣe ń ṣọ́ iná. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́fà, ọjọ́ tí èso àkọ́kọ́ náà já bọ́, ọkọ̀ márùn-ún ló gúnlẹ̀ pọ̀! Gbogbo wa ń wo ojú rẹ̀. Mo rò pé yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fọwọ́, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Fún bí oṣù kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yí ẹja tí kò sí níbẹ̀. Ó sú u, ó bínú, àmọ́ kò padà.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Imú mi rèé!" Inú mi dùn títí mo fi sunkún.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin wà ní Ijanikin, oníbàárà yín wà ní Kùtọnu, fóònù ò jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun. Èéfín tiyín kì í ta ojú, ẹ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ń wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí mi yẹn náà wá kí mi, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù látìgbà tó ti jókòó. Mi ò bá a jà. Mo gbé àgbọn tó ti hù sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Màámi, níbo ni kí n gbìn ín sí?"

Mo ní, "Ibi tí o bá fẹ́ jókòó sí lọ́jọ́ alẹ́ ẹ ni."

Ó pa fóònù.