Ẹ́ńjìnnì Tuntun àti Sàréè Ìyá Gàní

Ní Ṣàngó ní Ìlọrin, bí àlejò bá béèrè Gàní awakọ̀, wọn á ní Gàní wo. Bí ó bá ní Gàní Jẹ́jẹ́, wọn á mú un dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn awakọ̀ Ọ̀fà Gáréèjì ló sọ ọ́ ní orúkọ náà, nítorí kì í tẹná ju bó ti yẹ lọ.

Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ni Àlàájì Àhmádù, tó ń ta irin ìkọ́lé ní Pósọ́fíìsì, rí tó fi pè é nígbà tó ra ọkọ̀ eré kan, tíà-rọ́bà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì lò rí. Agbára ọkọ̀ náà pọ̀ bíi ti ẹṣin tí a kò tí ì dì ní gàárì. Síbẹ̀, àwọn tó ṣe é kìlọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré kọjá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan, títí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì yóò fi mọ ara wọn. Iṣẹ́ Gàní ni kí ó máa wà á ní ọ̀nà jíjìn láràárọ̀ títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò fi gbó.

"Ìyàwó tuntun ni," Gàní a máa wí. "A kì í gbé odó iyán síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé."

"Àmánà ni o," ni Àlàájì wí nígbà tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ Gàní. Ó mọ̀ pé ohun tí a bá fi sí ìkáwọ́ ẹni, Ọlọ́run yóò béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àmánà mìíràn ti wà lọ́rùn rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lábúlé wọn lẹ́bàá Bódè Sáádù, ojú ọ̀nà ni Gàní wà. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Talatu ìyá rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gàní, ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé bàbá rẹ wọ sàréè. Tèmi ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi tẹ́ mi."

"Ìyá, ẹ ò lọ síbì kankan."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìgbà tí mo ń lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gba Ọ̀fà Gáréèjì kọjá bí ìṣe rẹ̀. Awakọ̀ kan nahùn sí i: "Gàní Jẹ́jẹ́! Ṣé ò ń wà á ni àbí ò ń tì í?"

"Mò ń sìn ín lọ sílé ọkọ ni!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń sún mọ́ Ọ̀yọ́, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Sàfúrátù ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn.

"Bùọ̀dá, Ìyá ti lọ." Ó sunkún díẹ̀. "Wọ́n kírun wàlàhá aago mẹ́wàá tán, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ó parí. Lémọ́ọ̀mù ní bí a bá ti kírun àìlà tán, a ó sin wọ́n. Òjò ń ṣú, Bùọ̀dá. Ẹ tètè máa bọ̀."

"Ẹ dúró dè mí. Èmi ni màá tẹ́ wọn."

Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà ó kọ́kọ́ pe Àlàájì láti sọ fún un pé ìyá òun kú.

"Ìnnà lílláì! Máa gbé e lọ tààrà, Gàní, má dúró nílùú rárá. Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ wọn." Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń sọ fún ẹni tó ń jáde pé kó pa ilẹ̀kùn dé, Àlàájì fi kún un: "Ṣùgbọ́n rántí o, ẹ́ńjìnnì yẹn ò tí ì gbó."

Gàní rántí. Ọwọ́ aago iwájú rẹ̀ dúró sórí ọgọ́rin. Ó mọ̀ pé bí òun bá tẹná, ọ̀nà náà yóò ká bí ẹní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kùn bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀, yóò sì tún gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bọ́ọ̀sì ògbólógbòó kan tó ru iṣu gegere yà á sílẹ̀. Èrò kan yọ orí lójú fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ yẹn ń ṣàìsàn ni? Ẹ bá wa kí i o!" Ẹ̀rín wọn bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi ti bo ojú Gàní.

Bí ó ti jáde ní Ìlọrin ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ní abúlé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlú, ó gbọ́ ìpè ìrun àìlà.

Nígbà tó dé, àwọn ọkùnrin ń bọ̀ láti ìtẹ́ òkú pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, amọ̀ lẹ́sẹ̀. Yísà, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló wà níwájú. Amọ̀ ti bò ó dé ìgúnpá.

"Gàní, a dúró títí. Òjò ò jẹ́. Èmi ni mo tẹ́ wọn, má bínú."

Sàfúrátù wo ọkọ̀ tó ń dán nínú òjò. "Wọ́n ní ọkọ̀ yẹn ń fò, Bùọ̀dá."

Gàní lọ sí ibi sàréè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé erùpẹ̀ tútù náà títí òjò fi dá.

Ó dá ọkọ̀ padà lọ́jọ́ kejì, ó sì wọ ọkọ̀ èrò padà wá. Ní ọjọ́ kẹta, bí àwọn àáfà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúà, wọ́n gbọ́ bíbú ọkọ̀ kan láti ọ̀nà jíjìn. Àlàájì Àhmádù ni, òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbá Gàní mọ́ra, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Mo rò pé àdúà á ti tán. Mo tẹná gan-an, Gàní, mi ò purọ́ fún ọ. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣe tirẹ̀. Ṣé irin ló tó ènìyàn ni?"

"Ẹ ṣeun, Àlàájì."

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé o bá ìsìnkú wọn?"

Sàfúrátù gbójú kúrò.

"Ọkọ̀ yín gbé mi débí, Àlàájì," ni Gàní wí.

Nígbà tí àwọn yòókù jókòó fún àdúà, ó lọ sídìí ọkọ̀ náà. Àlàájì kò tí ì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gàní fi etí sí iwájú rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó ń wá bóyá irin kan ń ha, bóyá nǹkan kan ń kàn, ohunkóhun tí eré Àlàájì lè ti bàjẹ́. Ó tẹ́tí pẹ́.

Kò sí nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fi òun sáré.